Bí Lẹ́tà Àtúnyẹ̀wò PIP Bá Dé, Ẹ Má Kọ “Kò Sí Àyípadà”

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjọ, kì í sì í ṣe ti kánsù àti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún aláìlera, èyí tí wọ́n ń pè ní PIP. Ẹlòmíì ń gbà á nítorí làkúrègbé tó jókòó sí orúnkún, ẹlòmíì nítorí rọpárọsẹ̀, ẹlòmíì nítorí ojú tí kò ríran mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó le kéèyàn tó rí i gbà. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ò kà sí ni pé owó náà ní ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò, àti pé ibẹ̀ lèèyàn ti lè pàdánù rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré.

Àwa akọ̀wé yín náà ti lọ́wọ́ sí irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fẹnu ara wa sọ ọ́.

Ìyá kan wà láàárín wa, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Aláṣọ. Orúnkún méjèèjì ló ń dùn ún, ìbàdí ọ̀tún náà sì ti gan. Ó ń gba PIP, apá méjèèjì. Nígbà tí fọ́ọ̀mù àtúnyẹ̀wò dé, ó gbé e wá bá wa ní ìsọ̀ ẹ̀lùbọ́ wa. Ọjọ́ Sátidé ni, oníbàárà tò síwájú wa. A bi í pé, “Ìyá, ṣé nǹkan kan ti yí padà lára yín?” Ó ní, “Àyípadà wo? Bó ṣe wà náà ló wà.” Àwa náà fa bírò yọ, a kọ “no change” sí ojú ewé kìíní, a kọ ọ́ sí ìkejì, a kọ ọ́ títí dé ẹ̀yìn ìwé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi parí ẹ̀, a dá ìwé padà fún un, a wọn ẹ̀lùbọ́ fún ẹni tó kàn. A tilẹ̀ rò pé a ṣe dáadáa, torí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tó yá wọ́n pè é lórí fóònù láti bi í léèrè. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Ìyá Aláṣọ. Wọ́n ní báwo ni ara? Ó ní ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé ẹ ń wẹ̀? Ó ń wẹ̀. Ṣé ẹ ń se oúnjẹ? Ó ń sè, àbí kí ebi pa á kú? Kò parọ́ kankan. Àmọ́ kò sọ pé ọmọ òun obìnrin ló ń gbé ẹsẹ̀ òun sínú báàfù, tó sì ń gbé e jáde. Kò sọ pé ọmọ yìí náà ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà fún òun. Kò sọ pé òun kì í gbé ìkòkò kúrò lórí iná mọ́, pé wọ́n ń bá òun gbé e ni. Lójú tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ọmọ ẹni ni, kí la bí i fún?

Ìwé ìpinnu dé. Máàkì 4 ní apá ìgbé ayé ojoojúmọ́, máàkì 4 ní apá ìrìn. Owó dúró. Nígbà yẹn, lọ́dún 2025, £412.40 ló ń wọlé fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èrè tó wà lórí aṣọ lásìkò òtútù, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí ká kí ó lè yé wa.

Ìjọba bẹ̀rẹ̀ PIP ní oṣù kẹrin ọdún 2013, láti fi rọ́pò DLA, owó aláìlera tó ti wà láti 1992, fún àwọn tó ti kúrò lọ́mọdé. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní DWP ló ń san án. Apá méjì ló ní. Ìkíní ni ti ìgbé ayé ojoojúmọ́: sísè, jíjẹ, wíwẹ̀, wíwọṣọ, lílọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, lílo oògùn, sísọ̀rọ̀, kíkàwé, bíbá èèyàn lò, àti ìṣirò owó. Ìkejì ni ti ìrìn: fífẹsẹ̀ rìn, àti mímọ ọ̀nà délé. Wọ́n ń fún yín ní máàkì lórí ohun kọ̀ọ̀kan, èyí tó ga jù tó bá yín mu ni wọ́n ń mú, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Máàkì 8 títí dé 11, ẹ gba owó kékeré. Máàkì 12 sókè, ẹ gba owó ńlá. Máàkì 7, ẹ ò gba nǹkan kan. Ní ọdún owó tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, owó ìgbé ayé ojoojúmọ́ jẹ́ £73.90 tàbí £110.40 lọ́sẹ̀, ti ìrìn jẹ́ £29.20 tàbí £77.05. Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń yí iye rẹ̀ padà, ẹ wo lẹ́tà tiyín.

Wọn kì í wo iye tó wà ní báńkì yín. Wọn kì í sì í wò ó pé ẹ ń ṣiṣẹ́ tàbí ẹ ò ṣiṣẹ́. A máa padà sórí ìyẹn, torí ó kan àwa ọlọ́jà gan-an.

Bí wọ́n bá fún yín ní PIP, lẹ́tà náà máa ń sọ ìgbà tí yóò parí tàbí ìgbà tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Ẹlòmíì ọdún méjì, ẹlòmíì ọdún mẹ́ta, ẹlòmíì ó di ọdún mẹ́wàá. Bí àkókò bá tó, wọ́n á fi fọ́ọ̀mù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AR1 ránṣẹ́. Oṣù kan ni ẹ ní láti dá a padà, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ̀yin já a. Bí oṣù kan kò bá lè tó, ẹ pe nọ́ńbà orí lẹ́tà kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ tọrọ àfikún. Bí ẹ bá ti dá fọ́ọ̀mù padà, owó yín á máa wá nígbà tí wọ́n ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ yín wò. Bí ẹ ò bá dá a padà, tí ẹ ò sì ní ìdí pàtàkì, wọ́n lè dá owó dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí o. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè pé kí ló ti yí padà, ó sì tún ń béèrè pé báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é báyìí. Ojú ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ni àwa rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ ka fọ́ọ̀mù yín lónìí kì í ṣe ẹni tó ka ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò rí yín rí. Bí ẹ bá kọ “no change,” kí ló fẹ́ fún ní máàkì? Ṣe ló dà bí oníbàárà tuntun tó dé ìsọ̀, tó béèrè iye kọ́ńgò kan, tí ẹ wá dá a lóhùn pé iye àná náà ni. Kò sí níbẹ̀ lánàá. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù àtúnyẹ̀wò bí ẹni tí kò kọ ọ́ rí. Bí ara kò bá yí padà, ẹ kọ pé kò yí padà, kí ẹ wá kọ gbogbo bó ṣe wà, láti orí dé ẹsẹ̀.

Báwo la ṣe ń kọ ọ́? Òfin PIP ní ohun mẹ́rin kan tí a fẹ́ kí ẹ há sórí bí ẹ ṣe há owó ọkọ̀ sórí. Wọn ò gbọ́dọ̀ kà á pé ẹ lè ṣe nǹkan àfi tí ẹ bá lè ṣe é láìséwu, tí ẹ lè ṣe é bó ṣe yẹ kó rí, tí ẹ lè tún un ṣe ní iye ìgbà tó yẹ lóòjọ́, tí kò sì gbà yín ju ìlọ́po méjì àkókò tí ẹni tí ara rẹ̀ dá máa lò. Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọṣọ, tí ẹ̀yin ń lo wákàtí kan, lójú òfin ẹ ò lè wọṣọ fúnra yín nìyẹn. Bí ẹ bá lè gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, tó wá di ọ̀la kí ẹ tó tún lè gùn ún, ẹ má kọ pé ẹ ń gun àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá ń wẹ̀ fúnra yín, tí ẹ sì ti ṣubú nínú báàfù lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ kọ ìṣubú yẹn, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀.

Àìsàn kan sì wà tó ń lọ tó ń bọ̀. Lónìí ẹ ń rìn, lọ́la ẹ ò lè dìde. Ohun tí òfin ń wò ni pé ṣé ó lé ní ìdajì àwọn ọjọ́. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin nínú méje ni orúnkún kì í jẹ́ kí ẹ lè wẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, ti ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni kí ẹ sọ, kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta tó dáa. Àwa Yorùbá, ti ọjọ́ tó dáa la máa ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú sísè. Kì í ṣe iyán gígún ni wọ́n ń béèrè o, kì í sì í ṣe ìkòkò òde ìgbéyàwó. Oúnjẹ kan fún ẹni kan ni, tí a fi èròjà tútù sè. Ṣé ẹ lè bó o, kí ẹ gé e, kí ẹ sè é lórí sítóòfù? Bí ẹ bá ń jókòó lórí àga gíga gé ata nítorí pé ẹ ò lè dúró pẹ́, ẹ kọ ọ́. Àga yẹn lè mú máàkì 2 wá. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ní láti dúró tì yín kí ẹ má bàa jóná, tàbí kó bá yín gé nǹkan, kó bá yín gbé ìkòkò, máàkì 4 ni. Ẹni tí kò lè sè rárá, 8. Ẹ wá wo Ìyá Aláṣọ tí a kọ “no change” fún lórí èyí.

Wíwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Àpótí tí ẹ fi ń jókòó wẹ̀, ohun èèlò ni lójú wọn, irin tí ẹ ń dì mú lára ògiri náà ni. Bí wọ́n bá ń gbé yín wọ báàfù, máàkì 3. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: bí ẹ bá gbé nǹkan lé àwo rẹ̀ kó lè ga, ẹ kọ ọ́. A mọ̀ pé ojú ń ti yín. Ojú ti àwa náà láti bi Ìyá Aláṣọ.

Nípa ìrìn, mítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Mítà 20, mítà 50, mítà 200. Ta ló mọ mítà 50 láàárín wa? A ṣe é báyìí: bọ́ọ̀sì alájà méjì ti London, bí wọ́n bá tò ó márùn-ún lẹ́yìn ara wọn, ó tó mítà 50. Bíi méjì ni mítà 20. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pá rìn, tó lè kọjá 20 àmọ́ tí kò lè kọjá 50, máàkì 10 ni tiẹ̀. Ẹni tí kò lè kọjá 20, máàkì 12. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé òun ń rìn láti ìsọ̀ dé ibùdókọ̀, tí kò sọ pé òun dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà kí òun tó débẹ̀, pé ìrora ti mú òun kí òun tó dé ìdúró àkọ́kọ́, ó ti ba ti ara ẹ̀ jẹ́. Ẹ lọ wọ̀n ọ́ o. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín rìn, kó ka ẹsẹ̀, kó wo aago.

Àṣìṣe kan wà tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn kan. Wọ́n ní nítorí pé àwọn ò gbọ́ òyìnbó, àwọn á rí máàkì lórí sísọ̀rọ̀ àti kíkàwé. Rárá o. Èdè abínibí yín ni òfin fi ń wò ó. Bí ẹ bá ń gbọ́ Yorùbá, tí ẹ sì ń sọ ọ́ ketekete, kò sí máàkì níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bi yín léèrè, ẹ kàn sọ fún wọn ṣáájú. Ó sàn kí ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ìrora yín ju kí ẹ fi òyìnbó tí kò dá yín lójú sọ pé “I am managing.”

Ọ̀rọ̀ “I am managing” yìí ni ọ̀tá wa. Ìwà wa ni. Bí a bá kí ẹnìkan pé ṣé dáadáa ni, adúpẹ́ ni yóò sọ, ì báà jẹ́ orí ibùsùn ọsibítù ló wà. Oníṣọ́ọ̀ṣì á ní òun ò gba àìsàn. Mùsùlùmí á ní Alihamudulilahi. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ máa dúpẹ́ yín. Bí ẹ bá ti dúpẹ́ tán, ẹ sọ̀rọ̀ orúnkún. Arábìnrin kan bi wá ní ìpàdé pé ṣé sísọ gbogbo àìlera jáde bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èpè tí èèyàn ń fẹnu ara rẹ̀ ṣẹ́. A dá a lóhùn pé, bí a bá dé iwájú dókítà, ṣé a kì í sọ ibi tó ń dùn wá ni? Irú ẹ̀ náà nìyí. Kí ẹ má sì fi kún un o. Ẹni tó parọ́ fún wọn, ẹjọ́ ń bẹ, owó á sì di èyí tí a ń san padà.

Nípa ìsọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù láti dárúkọ ọjà nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ní wọ́n á gba owó wọn. Ẹ má fi ìsọ̀ pamọ́. PIP kò ní kí ẹ má ṣòwò. Àmọ́ bí ẹ bá kọ pé “I have a stall” tí ẹ sì fi mọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó kà á á rò pé ẹ̀yin lẹ ń gbé àpò ìrẹsì. Ẹ kọ ẹni tó ń tẹ́ ọjà fún yín láàárọ̀, ẹni tó ń kó o wọlé lálẹ́, iye wákàtí tí ẹ fi ń jókòó, ọjọ́ tí ẹ ò lè wá rárá, ẹni tó bá yín dúró lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí wọ́n rí.

Kí ẹ lè rántí gbogbo èyí, ẹ ṣe ìwé kékeré kan bí ìwé àwìn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kọ. Bí ẹ ṣe ń kọ pé Ìyá Bọ́lá jẹ £6 lọ́jọ́ Tuesday, ẹ kọ ọ́ pé lọ́jọ́ Tuesday ẹ ò lè wẹ̀, Wednesday wọ́n fà yín dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, Thursday ó sàn díẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ lè bá yín kọ ọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ fi ìwé àwọn oògùn yín sí i, àti lẹ́tà ọsibítù. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé dókítà mọ orúkọ àìsàn, kò mọ ẹni tó ń fọ ẹ̀yìn yín. Ẹni tó ń fọ ọ́ ni kó kọ lẹ́tà: ọmọ, ọkọ, aládùúgbò, èyí tó bá rí i lójú ara rẹ̀. Ẹ má fi ojúlówó ìwé ránṣẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lórí káńtà ní post office pé ẹ fi í ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sílé ní ìparí ọdún, tàbí tí ẹ fẹ́ lọ sìnkú, ẹ gbọ́ o. Bí ìrìn àjò yín bá máa ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ sọ fún DWP kí ẹ tó wọ bàálù. PIP lè máa wá fún ọ̀sẹ̀ 13 bí ẹ bá lọ sí òkè òkun fúngbà díẹ̀, ó lè di ọ̀sẹ̀ 26 bó bá jẹ́ ìtọ́jú àìsàn ni ẹ bá lọ. Bí ẹ bá wọ ọsibítù tó ju ọjọ́ 28 lọ, ó ń dúró. Kí ẹnìkan máa ṣí lẹ́tà yín nígbà tí ẹ ò sí. Ọ̀kan nínú wa lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, fọ́ọ̀mù jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nígbà tó máa fi dé, ọjọ́ ti kọjá. Ó pè wọ́n lọ́jọ́ kejì tó dé, ó fi ìwé òkú hàn, wọ́n gbọ́ ọ. Ká ní ó jókòó tó ń sunkún ni, ọ̀rọ̀ ò bá ti bàjẹ́.

Bí ìpinnu bá dé tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù kan ni ẹ tún ní. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ mandatory reconsideration, ìyẹn ni pé kí ẹlòmíì lọ́dọ̀ wọn tún un wò. Ẹ béèrè ẹ̀dà ìròyìn ẹni tó ṣe àyẹ̀wò yín, ẹ tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan: ibí yìí wọ́n kọ báyìí, báyìí ló rí. Bí oṣù kan bá ti kọjá, tí ẹ sì ní ìdí tó dáa, wọ́n ṣì lè gbà á, àmọ́ oṣù 13 ni òpin. Bí wọn kò bá yí i padà, oṣù kan tún wà láti gbé e lọ sí tribunal. Èèyàn mẹ́ta ló ń gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀, adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnìkan tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ aláìlera. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Kí ẹ mọ̀ ṣá o pé bí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ wò, ó lè lọ sókè, ó sì lè lọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní díẹ̀ tó ń fẹ́ púpọ̀, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Citizens Advice kó gbàmọ̀ràn.

Ìyá Aláṣọ fi ìwé ìpinnu pamọ́ sábẹ́ aṣọ fún ọ̀sẹ̀ méje. Ó ní ojú ń ti òun, pé àwọn èèyàn á sọ pé òun ń purọ́ àìsàn tẹ́lẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá bá wa. A kọ lẹ́tà, a sọ ìdí tó fi pẹ́, wọ́n gbà á, àmọ́ máàkì kò yí padà, torí ìwé tí àwa kọ yẹn náà ni wọ́n ṣì rí. A gbé e lọ sí tribunal. Ní ọjọ́ náà àwa náà tẹ̀ lé e lọ, a ò sì sọ̀rọ̀. Dókítà inú wọn bi í pé, “Ta ló bá yín wọ bàtà láàárọ̀ yìí?” Ìyá wo bàtà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Wọ́n fún un ní máàkì 4 lórí sísè, 3 lórí wíwẹ̀, 2 lórí wíwọṣọ, 2 lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. 11 nìyẹn. Ìrìn, 10. Wọ́n san gbogbo èyí tó ti kọjá fún un. Àmọ́ oṣù mẹ́jọ ni ó fi jẹ gbèsè aṣọ kiri, ọmọ náà sì pàdánù Carer's Allowance tó ń gbà láti tọ́jú rẹ̀, torí orí PIP ìyá ni ìyẹn dúró lé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi wọn ẹ̀lùbọ́ ló fa gbogbo ẹ̀. Ó ti dárí jì wá. A ò tíì gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti ọdún 66 ni ó ń gòkè lọ sí 67 láàárín 2026 sí 2028. Ẹni tó ti ń gba PIP kó tó di ọjọ́ orí yẹn lè máa gbà á lọ. Àmọ́ bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, Attendance Allowance ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ gba, kò sì sí owó ìrìn nínú ìyẹn rárá. Ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní àrùn sickle cell tàbí àìlera mìíràn, tí ẹ ń gba DLA lórí rẹ̀: bí ọmọ bá pé ọdún 16, DLA kò ní di PIP fúnra rẹ̀. Wọ́n á kọ̀wé, ẹ ní láti béèrè PIP lọ́tun, ọmọ náà ni wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá fi yín ṣe aṣojú rẹ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ sì sọ pé kó má gba owó ìjọba, kó má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan kó tó rí lọ́yà.

Ariwo tó gba ọjà kan ní oṣù kẹta 2025, pé ìjọba fẹ́ sọ ọ́ di dandan kí èèyàn ní máàkì 4 lórí ohun kan ṣoṣo kó tó lè gba owó ìgbé ayé ojoojúmọ́, òótọ́ ni wọ́n dá a lábàá. Ní oṣù keje 2025 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin náà, wọ́n gbé àyẹ̀wò PIP lé mínísítà Stephen Timms lọ́wọ́. Ẹ má tìtorí ariwo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí lẹ́tà bá ti dé fún, kó mú un wá sí ìpàdé, kó mú ìwé oògùn rẹ̀ dání, àti ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ nílé. Ẹ má gbé e wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Wákàtí méjì la ó máa fi jókòó ti fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan báyìí, kò sì sí ẹ̀lùbọ́ lórí tábìlì.